Oṣù kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń dúró de àtúnṣe kan ṣoṣo fún laptop alápààrọ̀ mi

KòkóÀtiMáàpù (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́) · Àìkú, 9:42 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́, mo ní kí n kó o síta lálẹ́ òní kí n lè rí oorun sùn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya máàpù oko kòkó. Àwọn tó ń kó kòkó lọ sí Yúróòpù nílò rẹ̀, nítorí òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 pé kòkó tó bá ti inú igbó tí wọ́n gé lulẹ̀ lẹ́yìn ìparí 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, a gbọ́dọ̀ rìn yí i po kí a gba gbogbo igun rẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo ti tó. Wọ́n ti sún ọjọ́ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi kò dúró. Ìdànrè, Ọ̀wẹnà, Ilé-Olújì, ẹ̀yìn Oǹdó, kò síbi tí n kì í dé.

Ní 2023, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n tú naira sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà, tí dọ́là gbéra sọ, mo ra laptop alápààrọ̀. Irú èyí tí èèyàn lè tú ẹ̀yìn rẹ̀, kó yọ bọ́ọ̀dù, bátìrì, sikirínì tàbí ojú ihò USB rẹ̀, kó fi tuntun sí i, tí kò ní torí ẹyọ kan tó bàjẹ́ ju gbogbo rẹ̀ nù. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀ láàárín èmi àti wọn. Wọn kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ló bá mi gbà á. Owó tí mo san ì bá ra tokunbo mẹ́ta ní Àkúrẹ́ níbí. Mo san án tayọ̀tayọ̀, torí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ohun tí mo bá rà lónìí, màá máa fi ẹ̀yà tuntun kún un lọ́dọọdún ni.

Nígbà tó yá, wọ́n mú bátìrì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ jáde. Wọ́n ní yóò wọ inú tèmi yìí, àtúnṣe BIOS (àṣẹ inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) kan péré ló kù, ó ń bọ̀ láìpẹ́. Mo ra bátìrì náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e wálé nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ inú ẹ̀rọ gééré. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, oṣù kẹtàdínlógún, "láìpẹ́" náà kò tíì dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní oko bàbá kan lẹ́yìn Ìdànrè. Láti aago méje àárọ̀ ni bàbá ti ń bá mi rìn yí oko po, àdá lọ́wọ́, ó ń fi ẹnu àdá tọ́ka sí àwọn igi pèrègún tí bàbá tirẹ̀ fi pa ààlà. Nígbà tí a parí, a bọ́ sábẹ́ àtíbàbà, mo gbé laptop ka orí àpò kòkó kí n fi máàpù hàn án. Bátìrì ní òun ku 31 nínú 100. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mò ń fi ìka tọ ìlà ààlà rẹ̀ lójú sikirínì, pé ibi odò rèé, ibi pèrègún rèé, ibẹ̀ náà ló ti kú pii. Sikirínì dúdú kirimú, bàbá ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé oko mi ti lọ ni?"

Igun 26 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò pọ̀ ni n kò tíì fi pamọ́. A tún un rìn. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún.

Ìgbà mẹ́fà ni mo ti kọ̀wé sí wọn. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n fèsì pé wọ́n dúpẹ́ fún sùúrù mi, àwọn ẹlẹ́rọ wọn wà lẹ́nu ẹ̀. Kò sí ọjọ́ kankan nínú lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

ỌmọNorthGate (FUTA) · Àìkú, 10:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìbéèrè bàbá yẹn wọ̀ mí lára.

Irú laptop yìí gan-an ni mò ń tu owó jọ láti rà. Bàbá mi ti ní òun máa fi díẹ̀ kún un bí mo bá ti wọ ọdún kẹrin. Ṣé kí n yáa dáwọ́ dúró ni? Ṣé gbogbo wọn ló rí báyìí, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ti rà á nìkan? Mo tún fẹ́ béèrè: kí ló kan BIOS nínú ọ̀rọ̀ bátìrì? Èmi rò pé kí èèyàn kàn fi bátìrì sí i, ó parí.

Ẹlẹ́rọArákàlẹ̀ · Àìkú, 10:31 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Arákàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i láti ìdí tábìlì mi.

Oníbàárà kan ti gbé irú laptop alápààrọ̀ yẹn wá sọ́dọ̀ mi rí. Mo tú u, inú mi dùn sí ẹni tó ṣe é. Sikurudíráfà kan ṣoṣo ló ṣí gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ sára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọn kò lẹ nǹkan kan mọ́ ara wọn, wáyà tó sì yẹ kó gùn, wọ́n jẹ́ kó gùn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ojú bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, n kò rí nǹkan ṣe sí i, torí òun nìkan ni irú rẹ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé iṣẹ́ yìí.

Ẹ wá wo ThinkPad T480, ti 2018. RAM (ìrántí ẹ̀rọ) rẹ̀ méjèèjì ṣeé yọ, SSD (ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí) ṣeé yọ, bátìrì méjì ló ní: ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tí o lè fi ọwọ́ lásán pààrọ̀ láì pa ẹ̀rọ. Bí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá kú láàárọ̀ Ajé, màá pe Ikẹja, wọ́n á fi í sínú mọ́tò, ó ti dé ọwọ́ mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe é fẹ́ràn wa ju àwọn yòókù lọ. Ó pọ̀ nílẹ̀ ni. Àwọn ọ́fíìsì òyìnbó lò ó tì, wọ́n kó o jù sílẹ̀, ó bá kọ̀ǹtéénà dé. Òkú rẹ̀ kún Computer Village, a ń bù lára òkú fún alààyè. Ti ẹ̀gbọ́n wa yìí kò ní òkú kankan ní gbogbo Àkúrẹ́ tí a lè bù lára rẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ra ti alápààrọ̀ ní ìlú wa, ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà nìkan ló ń wò. Bí ilé iṣẹ́ bá wá ń fà á nílẹ̀, kò sí ibòmíràn tó máa yà sí.

Bọ́ọ̀dùLóMọ̀ (ọmọ Oǹdó, Jámánì ni mo wà) · Ajé, 7:18 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ tó sún mọ́ èyí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá ỌmọNorthGate lóhùn.

Àbúrò, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù laptop tó yàtọ̀ sí èyí tí ìwọ mọ̀. Embedded controller ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣọ́ bátìrì, fáànù àti bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ. Òun ló ń pinnu ibi tí iná gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ dé kí ó tó pa ẹ̀rọ, kí bátìrì má bàa bàjẹ́. Àṣẹ tó ń tẹ̀ lé, inú àpò kan náà tí BIOS wà ló wà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń tún méjèèjì ṣe. Bí wọn kò bá tíì sọ fún un pé bátìrì ti yí padà, ìwọ̀n ti àtijọ́ ni yóò máa fi ṣọ́ tuntun. Ìyẹn ni mo fura sí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Bátìrì ń sọ pé 31 ló kù, olùṣọ́ rò pé ó ti dé ibi ewu, ó pa á.

Ní ti ìdí tó fi ń pẹ́, n kò gbèjà wọn o, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí odò náà ṣe ń ṣàn. Orísun rẹ̀ ni Intel tàbí AMD, àwọn ló ń kọ kóòdù tó ń jí ṣíìpù wọn. Kóòdù yẹn á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta BIOS: Insyde, AMI, Phoenix. Láti ibẹ̀ ó di ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń to bọ́ọ̀dù, tó sábà máa ń wà ní Taiwan. Lẹ́yìn náà ló tó kan ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára laptop, kí ó dán an wò. Bí àṣìṣe kan bá yọjú ní ìsàlẹ̀ odò, ó ní láti padà gòkè lọ sí orísun. Ilé iṣẹ́ ńlá lè fi owó lé ọ̀rọ̀ síwájú. Kékeré kò rí bẹ́ẹ̀, ìlà ló ń tò sí. Gbogbo bọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n bá sì mú jáde, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ti àtijọ́ kò sì tíì kúrò lọ́rùn wọn. Ẹni tó ṣèlérí pé ọ̀kan ò ní di àkísà ti ru ẹrù tó ń wúwo sí i lọ́dọọdún.

Nǹkan kan wà tó bà mí lẹ́rù nínú ìdádúró yìí ju bátìrì lọ. Ní Oṣù Kejìlá 2023, àwọn olùwádìí Binarly kéde àbùkù tí wọ́n sọ ní LogoFAIL: àwòrán àmì ilé iṣẹ́ tó máa ń yọ nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀daràn lè gba ibẹ̀ wọlé kí Windows tàbí Linux tó jí. BIOS àwọn olùtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ yẹn ló kàn. Àtúnṣe BIOS nìkan ló lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àtúnṣe rẹ̀ bá pẹ́, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ló ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ yẹn.

KòkóÀtiMáàpù · Ajé, 1:10 ọ̀sán

Àbúrò mi ní Jámánì, o ṣeun. O là mí lóye, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n wò ó. Láàárín oṣù mẹ́tàdínlógún yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú ọjà tuntun jáde. Mo wo àwọn fídíò rẹ̀. Àwọn ọjà tuntun náà ní àtúnṣe BIOS láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jáde, mo fi ojú ara mi rí i lójú ìwé wọn. Èyí fi hàn mí pé odò náà ń ṣàn, apá ibòmíràn ló gbà. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí mi pé "èèyàn mẹ́ta la ní, bọ́ọ̀dù mẹ́fà ló wà níwájú wa, tìrẹ á dé ní Oṣù Kẹsàn-án," màá gbà, màá ṣètò ara mi. Èmi náà ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣe. Bí òjò bá dí mi lọ́wọ́, mo máa ń pe bàbá kí ó tó jókòó dè mí ní oko. Kí ni wọ́n pè mí sí tí wọn kò lè sọ ọjọ́ fún mi?

Àtúnṣe tí wọn kò tíì fọwọ́ sí wà níbẹ̀ o, beta ni wọ́n kọ sí i. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tó ti wà lójú ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ẹni tó bá lò ó, ọrùn ara rẹ̀ ló wà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ̀rù ń bà mí.

ÀgbàÒkèÀró · Ajé, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn, ṣùgbọ́n màá sọ ohun tí mo gbàgbọ́. Ohun tí ọjà bá lè ṣe lọ́jọ́ tí a rà á ni kí a san owó lé. Ẹni tó san owó lé ohun tí wọ́n ní yóò ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i, ó ti yá wọn lówó láìgba ìwé.

Google gan-an ni wọ́n ni Project Ara, fóònù tí wọ́n ní a ó máa pààrọ̀ kámẹ́rà àti bátìrì rẹ̀ bí ẹni ń to bíríkì ilé. Ariwo rẹ̀ gba ayé kan. Ní 2016 wọ́n pa á, fóònù náà kò tilẹ̀ dé ọjà. Bí Google pẹ̀lú gbogbo owó wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni àwọn kéékèèké wọ̀nyí?

ỌmọNorthGate · Ajé, 8:20 alẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo bá ta ko yín díẹ̀. Mo ti ń kà nípa rẹ̀ láti àná.

Fairphone, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Netherlands, mú fóònù kan jáde ní ìparí 2015, Fairphone 2. Qualcomm tó ṣe ṣíìpù inú rẹ̀ kò bá wọn débi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní àwọn kò ní tẹ̀ lé e lọ sí Android tuntun mọ́. Àwọn Fairphone fúnra wọn gbé e dé Android 10, wọn kò sì ṣíwọ́ lára rẹ̀ títí di Oṣù Kẹta 2023. Ó lé ní ọdún méje. Framework ní Amẹ́ríkà náà, laptop àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2021. Bọ́ọ̀dù AMD tí wọ́n mú jáde ní 2025 ṣì ń wọ inú ara ìta ti 2021 yẹn. RAM rẹ̀ ni kì í bá a lọ, torí ti 2021 ń lo DDR4, tuntun ń lo DDR5, èèyàn gbọ́dọ̀ ra òmíràn.

Nítorí náà ó ṣeé ṣe. Mo rò pé ìdí gan-an nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi dun ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ti ṣe é rí, wọn kò lè ní ó kọjá agbára.

ÌyáKọ̀ǹpútàYaba (Oǹdó) · Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Yaba, gbogbo wọn ni tokunbo. Nígbà tí àtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, márùn-ún nínú wọn ni kò lè gba Windows 11, torí ṣíìpù wọn ti dàgbà jù. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Kíbọ́ọ̀dù wọn le koko, sikirínì wọn mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó sí ibì kan tó fa ìlà pé àwọn wọ̀nyí kò wọlé. Mo fi Linux sí wọn, ẹ̀kọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n òru mẹ́rin ni mo fi ṣe é, èmi nìkan, iná ń lọ iná ń bọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé nígbà tí mo gbọ́ nípa laptop alápààrọ̀, mo sọ pé àwọn tó máa gbà wá rèé. Ó wá dùn mí pé ọ̀nà kan náà ni àwọn náà fẹ́ gbà. Ìdè rẹ̀ ṣeé tú, àṣẹ inú rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn.

KòkóÀtiMáàpù, ọmọ mi, bátìrì àtijọ́ ńkọ́? Ṣé o ti jù ú nù?

KòkóÀtiMáàpù · Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ ma. Rárá o, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kì í pẹ́ mọ́, wákàtí kan àti díẹ̀ péré, ìdí tí mo fi ra tuntun nìyẹn. N kò sì lè ju bátìrì nù bẹ́ẹ̀, ẹ wo wàhálà tí wọ́n ń ṣe kí ọ̀kan tó wọlé. Láti Oṣù Kẹrin 2016 ni wọ́n ti fòfin dè é pé bátìrì lithium-ion tó dá wà, tí kò sí nínú ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú akérò gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Èrò nìkan ló lè fi í sínú báàgì ọwọ́, bí agbára rẹ̀ bá sì ju 100 Wh lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Bí n kò bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ wálé, n kò ní rí i rárá.

Bọ́ọ̀dùLóMọ̀ · Ìṣẹ́gun, 12:02 ọ̀sán

Mama Yaba, ẹ ṣé é, ìbéèrè yín yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí beta yẹn, àti ohun tí àwọn tó ti lò ó ń sọ. Ọ̀rọ̀ bátìrì ti wà nínú rẹ̀. Ewu tó wà ní Àkúrẹ́ kì í ṣe ti inú beta nìkan. Bí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń kọ ara rẹ̀, tí bátìrì náà sì kú lójijì bó ṣe ṣe yín ní Ìdànrè, bọ́ọ̀dù á di òkúta. Ẹ fi bátìrì àtijọ́ padà sínú rẹ̀ kí ẹ tó dán an wò, torí olùṣọ́ mọ ìyẹn dáadáa. Ẹ rí i pé ó kún. Ẹ má ṣe é lórí iná ìjọba lásán.

Ẹ ó béèrè pé ṣé a kò lè kọ BIOS tiwa ni? Coreboot wà, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà kó sì tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá ti fi Intel Boot Guard ti bọ́ọ̀dù pa, kọ́kọ́rọ́ náà ti jóná mọ́ inú ṣíìpù, kò ní gba ohunkóhun tí wọn kò fọwọ́ sí. Ti yín wà ní títì, mo ti wò ó. Ibi tí èmi bá àwọn tó ṣe é jà nìyẹn. Bí o bá mọ̀ pé èèyàn rẹ kò pọ̀, fún wa ní kọ́kọ́rọ́, a ó ràn ọ́ lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe laptop MNT Reform ní Berlin níbí ń tú àwòrán bọ́ọ̀dù wọn síta fún gbogbo ayé. Ẹ̀rọ wọn kò yá tó ti yín, owó rẹ̀ sì wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kógbá sílé lọ́la, ẹlẹ́rọ tó bá mọṣẹ́ lè máa bá a lọ.

Ẹ má retí òfin o. Yúróòpù ti ní kí àwọn tó ń ta fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì máa pèsè ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ọdún méje, láti Oṣù Kẹfà 2025. Òfin yẹn kò mú laptop, kò sì ní bá wa dé Àkúrẹ́.

Ẹlẹ́rọArákàlẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá ní Àbámẹ́ta. Mo ní inverter tó lè gbé ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí márùn-ún. Mo ní ẹ̀rọ CH341A tí a fi ń ka inú ṣíìpù BIOS. A ó kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ kọ, bí beta náà bá ṣe wá léṣe, a ó dá a padà sí bó ṣe wà. N kò ní gba owó iṣẹ́. Ẹ bá mi ra bọ́rọ́ọ̀dì àti ẹ̀wà wá.

Bọ́ọ̀dùLóMọ̀ · Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà orí ṣíìpù náà kí ẹ tó fi kílíìpù mú un. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù òde òní, 1.8V ni ṣíìpù wọn ń lò. CH341A ń tú 3.3V jáde, ó lè sun ún. Ẹ nílò àdápútọ̀ kékeré 1.8V láàárín wọn.

Ẹlẹ́rọArákàlẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 9:52 alẹ́

O ṣeun gan-an, àbúrò. Mo ní in.

KòkóÀtiMáàpù · Àbámẹ́ta, 8:33 alẹ́

Mo ti dé láti Arákàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe lọ.

Ọ̀gá tú u lójú mi. Ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo orí ṣíìpù náà, kò tóbi ju ìdajì èékánná mi lọ, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, mo kọ ọ́ sílẹ̀: 1.8V ni lóòótọ́. Ó yọ bátìrì kúrò pátápátá, ó fi kílíìpù mú un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kílíìpù yọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó pa fáànù kí ọwọ́ òun lè dúró. Ìgbà kẹta ló mú. Ó ka inú rẹ̀, mẹ́gábáìtì 32, ó tún un kà, ó fi méjèèjì wé ara wọn. Wọn kò bára mu. Ó tún kílíìpù náà fi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìgbà yìí, wọ́n bára mu délẹ̀délẹ̀. Ó dà á kọ sínú fláàṣì méjì, ó fún mi ní ọ̀kan.

A wá fi bátìrì àtijọ́ sí i, a so ó mọ́ inverter, a fi beta náà sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ dúdú. Ó dúdú pẹ́ tí àyà mi fi ń já, ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé RAM tuntun wọ̀nyí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ó ń wá ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú méjì, àmì yọ. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo "Olúwa ṣeun!"

Mo fi bátìrì tuntun sí i, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán. Ó lọ sílẹ̀ dé 30, dé 20, dé 10, kò kú. Ó dé 5 kó tó kìlọ̀ fún mi, ó sì rọra sùn fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́tàdínlógún. Ọ̀gá kan ní Arákàlẹ̀ tí kò rí mi rí, àbúrò kan ní Jámánì, Mama tó rántí bátìrì àtijọ́.

Kò tíì tán o. Bí mo bá pa ìdérí rẹ̀ dé, ìgbà míì kì í jí mọ́. Mo ní láti tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ pẹ́ kí n tó tún un tàn. Ẹ̀sùn yẹn wà lójú ìwé wọn láti oṣù mẹ́sàn-án tí beta ti wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ti kọ ọ́ ṣáájú mi, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

ÀgbàÒkèÀró · Àbámẹ́ta, 9:01 alẹ́

Mo kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò mi lórí rírà kò yí padà, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

ỌmọNorthGate · Àbámẹ́ta, 9:26 alẹ́

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n! Mo ti pinnu. T480 ni màá kọ́kọ́ rà, owó tó bá ṣẹ́kù màá fi í pamọ́. Màá máa wo àwọn tó ń ta alápààrọ̀, kì í ṣe ọjà tuntun wọn ni màá wò o, ojú ìwé àtúnṣe ti ọjà àtijọ́ wọn ni. Ìgbà tí mo bá rí ẹni tí ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀ ń gba àtúnṣe lákòókò, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni mò ń lọ.

Ọ̀gá Arákàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá máa wò yín lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ìsinmi?

Ẹlẹ́rọArákàlẹ̀ · Àbámẹ́ta, 9:30 alẹ́

Máa bọ̀, ọmọ. Aago mẹ́jọ la máa ń ṣí.

KòkóÀtiMáàpù · Àìkú, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Mo ti kọ lẹ́tà keje sí wọn. Mo kọ ohun tí a ṣe sí i, nọ́ńbà beta náà, bí bátìrì ṣe rìn láti 100 dé 5, ìgbà mélòó nínú mẹ́wàá tí kò jí lẹ́yìn tí mo pa ìdérí dé (mẹ́ta ni). Mo ní n kò béèrè ohun tuntun lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́rú ni mò ń padà lọ sọ́dọ̀ bàbá ní Ìdànrè, kó lè rí oko rẹ̀ dáadáa kó sì fọwọ́ sí i. Bátìrì àtijọ́ wà nínú àpò mi, mo sì ti tẹ máàpù náà sórí ìwé.